Onídùúró àti Owó Béèlì: Ohun tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Bí Olùjẹ́jọ́ Kò Bá Yọjú sí Kóòtù

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Adájọ́ Okon Abang ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ pé kí a mú Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume, aṣòfin àgbà láti Ìpínlẹ̀ Borno, lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Aṣòfin náà kò jalè, kò sì lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó fi ọwọ́ sí ìwé lọ. Ó dúró fún Abdulrasheed Maina, ẹni tí ó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí, tí ó sì ń jẹ́jọ́ nítorí owó náà. Iye tí a kọ sínú ìwé ìdúró náà jẹ́ ₦500 mílíọ̀nù, ilé aṣòfin náà tí ó wà ní Asokoro ní Àbújá ni a sì fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Nígbà tí Maina kò wá sí kóòtù mọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà, kóòtù yíjú sí onídùúró: kí ó mú ẹni tí ó dúró fún wá, tàbí kí ó san owó, bí kò bá sì ṣe èyíkéyìí, kí ó wà ní àtìmọ́lé.

Aṣòfin náà kò kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n títí di ọjọ́ 27 oṣù náà, nígbà tí adájọ́ kan náà gba béèlì rẹ̀ kí ó lè máa bá ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí i ni ọwọ́ tẹ Maina ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n sì mú un padà wá sí Nàìjíríà ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni a dá a lẹ́bi, tí a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 8.

Ẹjọ́ àwọn ènìyàn ńlá ni èyí, iye owó inú rẹ̀ sì ju ohun tí ará oko ń rí lọ. Ṣùgbọ́n irú òfin tí adájọ́ lò fún aṣòfin náà ni kóòtù yóò lò fún àgbẹ̀ tí ó dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ₦100,000. Ìjọba Àpapọ̀ ṣe òfin lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn ní ọdún 2015, fún àwọn kóòtù tirẹ̀ àti fún Àbújá. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ní ọdún 2007, ó sì tún un ṣe ní ọdún 2011. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá náà ti ṣe tiwọn. Bí ìpínlẹ̀ kan bá tilẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì ní ìwọ̀nba ibi kan, apá tí ó kan onídùúró kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti wà nínú òfin tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1945.

Àwọn Yorùbá pàápàá ti mọ onígbọ̀wọ́ kí kóòtù àwọn Òyìnbó tó dé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó, ẹni tí ó ni owó yóò béèrè onígbọ̀wọ́, bí ẹni tí ó yá owó bá sì sá lọ, ojú onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò máa wò. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀. Níwájú olówó àtijọ́, àwọn àgbà ẹbí lè lọ bẹ̀bẹ̀ ní alẹ́, kí wọ́n sì bẹ ọjọ́ mìíràn. Níwájú kóòtù, ìwé ni ó ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí a kọ sínú ìwé náà ni ọjọ́. Ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí a ó ṣe rí i níwájú, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀ àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí àkókò náà kọjá ni ó máa ń wà nínú ewu.

Kí ni béèlì? Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Nítorí náà kóòtù lè jẹ́ kí ó máa ti ilé rẹ̀ wá jẹ́jọ́ dípò kí ó máa ti àtìmọ́lé wá, bí ó bá ti lè fi ọkàn kóòtù balẹ̀ pé yóò máa wá ní gbogbo ọjọ́ tí a bá dá. Ìwé ìdúró ni ohun tí ó ń fi ọkàn kóòtù balẹ̀. Olùjẹ́jọ́ yóò fi ọwọ́ sí i, onídùúró yóò fi ọwọ́ sí i, a ó sì kọ iye owó kan sínú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: “Bí ẹni yìí kò bá wá, èmi jẹ ìjọba ní iye yìí.”

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, onídùúró kì í ka kọ́bọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó fi ọwọ́ sí ìwé. Kóòtù lè béèrè pé kí a fi owó tàbí ohun ìní sílẹ̀, òfin fún un ní àyè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí onídùúró mú ìwé wá: ìwé ẹ̀rí owó orí, ìwé ilẹ̀ tàbí ti ilé, ìwé ìgbanisíṣẹ́ bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwòrán pélébé, àti ìwé ìbúra pé ó ní ohun tí ó tó iye náà. Akọ̀wé kóòtù yóò yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n lè rán ènìyàn lọ wo ilé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, olùjẹ́jọ́ yóò lọ sí ilé, onídùúró yóò lọ sí oko. Nítorí pé owó kankan kò jáde, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ìṣẹ́jú tí ó gbé bírò sílẹ̀. Ó kàn ń sùn ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí gbèsè náà ṣe ń jí. Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi alùpùpù kó èrò, ó kọlu ènìyàn, a sì gbé e lọ sí kóòtù Májísíréètì. Májísíréètì gba béèlì rẹ̀ ní ₦200,000 pẹ̀lú onídùúró kan tí yóò dúró ní iye kan náà. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí ó ń ṣe oko kòkó, ni ó wá dúró. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ náà wá ní ìgbà àkọ́kọ́, ó wá ní ìgbà kejì. Ní ìgbà kẹta, akọ̀wé kóòtù pe orúkọ rẹ̀, kò sí ìdáhùn. Ó tún un pè. Ìdákẹ́jẹ́.

Ohun tí Májísíréètì yóò kọ́kọ́ béèrè ni bóyá agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ tàbí onídùúró rẹ̀ wà nínú kóòtù, àti bóyá wọ́n mọ ìdí tí kò fi wá. Bí ẹnìkan bá dìde tí ó sọ pé ara ọmọ náà kò yá, tí ó sì fi ìwé ilé ìwòsàn hàn, ẹjọ́ yóò sún síwájú, ọ̀rọ̀ sì tán fún ọjọ́ náà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, kóòtù lè fún ọlọ́pàá ní ìwé àṣẹ láti mú olùjẹ́jọ́ níbikíbi tí a bá ti rí i. Ó tún lè fagi lé béèlì náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kóòtù kì í fi ọwọ́ kan owó onídùúró ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí. Ìwé ìpè ni yóò fi ránṣẹ́ sí i.

Ìwé ìpè yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀. Òfin kò sọ pé bí olùjẹ́jọ́ bá ti pa ọjọ́ kan jẹ, kí owó onídùúró di ti ìjọba lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kí a kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn níwájú kóòtù pé a ti ba àdéhùn inú ìwé ìdúró jẹ́, kí kóòtù kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀, kí ó sì pe onídùúró pé kí ó wá san owó tàbí kí ó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó san án. Ànfààní láti sọ̀rọ̀ ni èyí. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ó máa ń rí ìwé kóòtù tí ẹ̀rù á bà wọ́n, tí wọn á fi í sábẹ́ ẹní, tí wọn á sì gba oko lọ. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tí òfin ṣí sílẹ̀ fún un, nítorí bí ọjọ́ náà bá dé tí kò yọjú, kóòtù yóò gbà pé kò ní ìdí kankan láti sọ.

Irú ìdí wo ni kóòtù lè gbà? Bí olùjẹ́jọ́ bá ti kú, kí a mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Bí ó bá wà ní ilé ìwòsàn, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá ìlú mìíràn bá ti mú un fún ẹjọ́ mìíràn, tí ó sì wà ní àtìmọ́lé, kí a fi ìyẹn hàn. Bí ó bá jẹ́ pé a yí ọjọ́ ẹjọ́ padà láìsọ fún wọn, kí a sọ ọ́. “Mi ò rí i mọ́” nìkan kì í tó. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò mọ̀ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀” kì í tó pẹ̀lú, nítorí ìdí tí a fi gba onídùúró ni pé ó sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa ń wọ adájọ́ lára: kí onídùúró lè fi hàn pé òun kò jókòó lásán. Ẹni tí ó ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti sọ pé olùjẹ́jọ́ ti kúrò ní ilé, tí ó ti wá a lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní ìlú kejì, tí ó mú ọlọ́pàá lọ sí ibi tí ó gbọ́ pé ó wà, tí ó sì kọ ọjọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí a ní láti lọ wá kiri bíi ti olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tí kóòtù bá ti gbọ́ ọ tán, ó ní agbára láti ṣe ohun púpọ̀. Ó lè fún un ní àkókò sí i kí ó fi wá ọmọ náà. Ó lè dín iye owó náà kù, kí ó gba apá kan nínú ₦200,000 kí ó sì fi ìyókù jì í. Ó lè fagi lé gbogbo rẹ̀ bí a bá rí olùjẹ́jọ́. Bí àlàyé kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò pàṣẹ pé kí onídùúró san owó náà. Bí kò bá san án, a lè gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀ kí a sì tà á, bí a ṣe ń gba owó ìtanràn. Bí kò bá sí ohun tí a lè tà, tàbí tí ohun tí a tà kò tó, ẹ̀wọ̀n ni ó kù, fún ìwọ̀n àkókò tí òfin là sílẹ̀.

Owó inú ìwé ìdúró náà sì ni òpin ohun tí ó wà lọ́rùn onídùúró. Kò di ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí pé olùjẹ́jọ́ sá lọ. A kò lè fi ẹ̀sùn ìkọlù alùpùpù náà kan àbúrò bàbá. Bí kóòtù bá sì dá ọmọ náà lẹ́bi ní ìkẹyìn, onídùúró kò ní san owó ìtanràn rẹ̀. Kìkì pé kí ó wá ni ó dúró fún. Ọlọ́pàá pẹ̀lú kò ní agbára láti gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kóòtù nìkan ni ó ní in. Òfin ọdún 2015 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Ó yẹ kí àwọn ìyá tí a máa ń mú nítorí ọmọ wọn tí ó sá lọ mọ èyí. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn àgọ́ ọlọ́pàá fúnra wọn ni ó kọ ọ́ sára ògiri. Owó tí a bá gbà níbẹ̀ láìní rìsíìtì, owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe owó béèlì.

Ó dára kí a padà sí àbúrò bàbá yẹn, nítorí pé ọ̀nà kan wà tí ì bá ti gbà kúrò nínú ewu kí ọjọ́ kẹta tó dé. Ká ní ó ti rí i pé ọmọ náà ti ta alùpùpù, pé ó ń kó ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ó ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà. Onídùúró lè lọ sí kóòtù nígbàkúgbà, kí ó béèrè pé kí a tú òun sílẹ̀ kúrò nínú ìwé ìdúró. Kóòtù yóò pàṣẹ pé kí a mú olùjẹ́jọ́ wá. Nígbà tí ó bá ti wà níwájú kóòtù, yálà a mú un wá tàbí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, a ó tú onídùúró àkọ́kọ́ sílẹ̀, a ó sì ní kí olùjẹ́jọ́ wá ẹlòmíràn tí yóò dúró fún un. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni, yóò padà sí àtìmọ́lé.

Ọ̀rọ̀ yìí nira fún ẹbí láti gbọ́. Wọn yóò sọ pé àbúrò bàbá ti fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun jẹ̀ lórí ààtàn. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará ilé rò ó dáadáa. Bí ọmọ náà bá sá lọ, ìwé àṣẹ ìmúni yóò wà lórí rẹ̀, kò sì ní lè padà wá sí ilé ní àlàáfíà. Òfin ọdún 2015 tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ pé, bí ẹni tí ó wà lórí béèlì kò bá wá láìní ìdí, kóòtù lè máa bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí a bá ti sún un síwájú ní ìgbà méjì, kí a sì dá a lẹ́bi nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ yóò wá máa dúró dè é di ọjọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Oko kòkó àbúrò bàbá a tún lọ. Ẹni méjì ni yóò jìyà nítorí ọjọ́ kan tí ènìyàn kan kò wá.

Bí onídùúró bá kú kí olùjẹ́jọ́ tó ba àdéhùn jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rùn ogún rẹ̀. A ó kàn ní kí olùjẹ́jọ́ wá onídùúró mìíràn ni. Àwọn ọmọ olóògbé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè mú ìròyìn ikú náà lọ fún akọ̀wé kóòtù.

Àwọn obìnrin náà lè dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń lé obìnrin padà ní àgọ́ ọlọ́pàá pé kí ó lọ mú ọkùnrin wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́jà tí ó ní ilé àti owó ju ọkùnrin tí yóò lọ mú wá lọ. Òfin ọdún 2015 fi òpin sí èyí: a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin nìkan. Ìyáàfin tí ó bá fẹ́ dúró, tí ó sì ní ohun tí kóòtù béèrè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Gbèsè inú ìwé náà yóò sì wà lọ́rùn òun náà bí ó ṣe wà lọ́rùn ọkùnrin.

Ìkìlọ̀ kan yẹ nípa àwọn kan tí wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí wọ́n máa ń sọ fún ẹbí tí ó wà nínú ìdààmú pé àwọn lè dúró fún ọmọ wọn bí wọ́n bá lè rí owó díẹ̀ fún àwọn. Kò mọ ọmọ náà rí, kò mọ ilé rẹ̀, ìwé ilẹ̀ tí ó gbé dání sì lè jẹ́ ayédèrú. Bí àṣírí ìwé náà bá tú, béèlì á bàjẹ́, ọmọ á padà sí àtìmọ́lé, owó tí ẹbí san á sì ti lọ. Ẹni tí ó gbé ayédèrú ìwé wá síwájú kóòtù ti dá ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin gba Adájọ́ Àgbà láàyè láti fún àwọn ènìyàn tàbí ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ kí wọ́n máa fi ìdúró ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí a kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì bi akọ̀wé kóòtù bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Fún ẹni tí ó ti fi ọwọ́ sí ìwé ní báyìí, kí ó béèrè ọjọ́ ẹjọ́ tí ó kàn lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, kí ó sì kọ ọ́ sí ibi tí yóò máa rí i. Bí kò bá mọ̀wé, kí ó jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé kọ ọ́ fún un. Kí ó máa bá olùjẹ́jọ́ lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ nígbà tí a ń sún ẹjọ́ síwájú ni ó máa ń gbọ́ ọjọ́ tuntun pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Bí òun tàbí olùjẹ́jọ́ bá fẹ́ kó kúrò ní ilé tí a kọ sínú ìwé ìdúró, kí ó lọ sọ fún kóòtù, kí ìwé ìpè má baà máa lọ sí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹjọ́ bá parí, ìdúró parí pẹ̀lú rẹ̀, ìbáà ṣe pé a dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ tàbí a dá a lẹ́bi. Owó tàbí ohun ìní tí a fi sílẹ̀ ní kóòtù gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Kí onídùúró mú rìsíìtì tàbí ẹ̀dà ìwé ìdúró rẹ̀ lọ bá akọ̀wé kóòtù, kí ó béèrè ìwé ilẹ̀ rẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi ọwọ́ sí i pé òun ti gbà á, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ní ọjọ́ náà gan-an.